Láti Ẹnu Àgbà dé Orí Ẹ̀rọ: Ìwádìí Ìtàn ní Àríwá Èkìtì

Ìtàn àríwá Èkìtì, ìyẹn agbègbè Ìkọ̀lé, Ọyẹ́, Ìdó àti àwọn ìlú tí ó yí wọn ká títí dé Mọ̀bà àti Ìléjeméje, jẹ́ ìtàn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń pa mọ́ kí ìwé tó dé, nítorí pé kò sí ẹnì kan ṣoṣo tí gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ààfin ló mọ orúkọ àwọn ọba àti bí wọ́n ṣe jẹ tẹ̀léra. Agboolé kọ̀ọ̀kan ló mọ ọ̀nà tí baba ńlá rẹ̀ gbà dé ìlú àti oyè tí wọ́n fi dá a lọ́lá. Àwọn olórìṣà ló mọ ìdí tí ọdún fi ń bẹ̀rẹ̀ ní ojúbọ kan kí ó tó dé òmíràn. Àwọn obìnrin ilé ló sì ń fi oríkì pe orúkọ ẹni tí àwọn yòókù ti gbàgbé. Lóde òní, ohun èlò díjítà, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ tí ó ń sọ ọ̀rọ̀, ohùn àti àwòrán di nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà lè tọ́jú, tí ó sì lè fi ránṣẹ́ sí ọ̀nà jíjìn, ti wọ inú iṣẹ́ ìtàn. Àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí kò lè sọ irọ́ di òtítọ́, ṣùgbọ́n bí a bá lò wọ́n ní ìbámu pẹ̀lú ìlànà tí àwọn òpìtàn ilẹ̀ yìí ti là sílẹ̀, wọ́n lè dá ìtàn padà sọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó ni ín.

Ogun ọ̀rúndún 19 ni ó kọ́kọ́ da ètò ìpamọ́ àtijọ́ yìí rú. Àwọn jagunjagun Ìlọrin, àwọn Tápà àti àwọn ará Ìbàdàn ń ṣígun wọ ilẹ̀ Èkìtì léraléra, wọ́n ń kó ènìyàn lẹ́rú, àwọn ìlú kan di ahoro, àwọn mìíràn sì kó jọ sí ojú kan kí ọ̀tá má baà rí wọn gbé ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni jagunjagun kan tí ń jẹ́ Èṣùbíyì ṣe kó àwọn ará Ìyè tí ogun lé kúrò nílé àti àwọn mìíràn jọ, tí ó fi sọ Ayédé di ìlú ńlá ní àárín ọ̀rúndún náà, tí òun fúnra rẹ̀ sì jẹ Àtá, ìyẹn ọba ìlú náà. Ogun Kírìjì, tí Èkìtìparapọ̀, ìyẹn àjọṣepọ̀ àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, fi kọ àjàgà Ìbàdàn, parí lórí ìwé nígbà tí wọ́n tọwọ́ bọ àdéhùn ní ọjọ́ 23, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1886, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọ ogun kò tú ká títí di ọdún 1893.

Ìgbà náà ni àkọsílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nínú ìtàn Èkìtì: lẹ́tà àwọn oníwàásù ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS, tí ó wà ní Yunifásítì Birmingham báyìí, ìwé àwọn gómìnà tí ó wà ní London, àti fáìlì àwọn ajẹ́lẹ̀ òyìnbó tí ó wà ní Ìbàdàn. Ajẹ́lẹ̀ ni orúkọ tí àwọn ará Èkìtì ti ń pe aṣojú Ìbàdàn láàárín wọn kí òyìnbó tó dé, àwọn òyìnbó sì jogún orúkọ náà pẹ̀lú iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ìwé wọ̀nyí níye lórí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó wá wàásù tàbí tí ó wá gba owó orí ni ó kọ wọ́n, kò sì pọ̀ nínú àwọn ará Ìkọ̀lé tàbí Ìdó tí ó lè dé ibi tí wọ́n wà. Ìwé tí ó wà ní ẹ̀dà kan ṣoṣo sì lè ṣègbé: Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní ọdún 1897, ó fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sọnù síbẹ̀, lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní ọdún 1901 ni àbúrò rẹ̀, Obadiah, tún un tò láti inú àwọn ìwé tí ó kù nílé, kò sì jáde títí di ọdún 1921.

Ọmọ Ìkọ̀lé kan wà lára àwọn tí ó kọ́ ayé bí a ṣe ń fi ohun tí àgbà sọ àti ohun tí ìwé wí gbe ara wọn lẹ́sẹ̀. Ìkọ̀lé ni wọ́n ti bí Jacob Festus Adé Àjàyí ní ọdún 1929, ọmọ ẹni tí ó bá ọba ìlú náà ṣiṣẹ́ ní ìgbà ìjọba amúnisìn; ibẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, kí ó tó lọ sí Adó, Èkó, Ìbàdàn àti London. Òun àti Kenneth Dike, Sàbúrì Bíòbákú àti àwọn òpìtàn ẹgbẹ́ wọn ni wọ́n ta ko èrò pé ilẹ̀ tí kò ní ìwé kò ní ìtàn. Dike ni ó darí ibi ìpamọ́ ìwé ìjọba tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1954, tí ó di Ilé Ìpamọ́ Ìwé Orílẹ̀-èdè ní ọdún 1957. Bíòbákú darí ètò ìwádìí ìtàn Yorùbá tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1956. Àjàyí àti Robert Smith sì kọ ìwé lórí ogun jíjà ní ilẹ̀ Yorùbá, tí ó jáde ní ọdún 1964. Ìlànà wọn rọrùn láti sọ, ṣùgbọ́n ó nira láti tẹ̀lé: ẹni tí ó sọ ìtàn gbọ́dọ̀ ní orúkọ, ibi tí ó ti gbọ́ ọ gbọ́dọ̀ hàn, a sì gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí kan wé òmíràn kí á tó dájọ́.

Ohun tí ó mú kí ìlànà yìí ṣe pàtàkì ní àríwá Èkìtì ni pé àwọn ìlú ibẹ̀ kì í sọ ìtàn kan ṣoṣo. Andrew Apter, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó ṣe ìwádìí ní Ayédé tí ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1992, fi hàn pé ìtàn tí ààfin ń sọ àti èyí tí àwọn agboolé ń pa mọ́ nínú ọdún òrìṣà wọn kì í dọ́gba, nítorí pé ẹ̀tọ́ sí oyè ni ó wà nídìí wọn. Ìwé tí a tẹ̀ kì í sábà ní ààyè fún irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀, òǹkọ̀wé a máa yan ọ̀kan, èyí tí ó yàn a sì borí ìyókù. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ àti kọ̀ǹpútà lè tọ́jú ohùn ààfin, ohùn agboolé mẹ́ta àti ohùn olórìṣà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó sọ̀rọ̀ àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́, láìjẹ́ pé èyíkéyìí pa èkejì lẹ́nu mọ́. Ní ìlú tí ẹjọ́ oyè ti ń dé ilé ẹjọ́, èyí kì í ṣe ohun kékeré.

Iṣẹ́ ọnà pẹ̀lú jẹ́ ìwé ìtàn. Ní ọdún 1947, àwọn àlùfáà ìjọ Àgùdà ti ẹgbẹ́ SMA, Kevin Carroll àti Sean O'Mahony, dá ibi iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Ọyẹ́, níbi tí George Bándélé, ọmọ Àrẹ̀ógún ti Ọ̀sì tí òkìkí rẹ̀ kàn nínú iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, ti ń gbẹ́ ilẹ̀kùn àti ère inú Bíbélì pẹ̀lú ojú àti aṣọ Yorùbá. Ibẹ̀ ni Lámídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé kí ó tó di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀. Ibi iṣẹ́ náà wá sí òpin ní ọdún 1954, ṣùgbọ́n Carroll kọ ìwé nípa rẹ̀ ní ọdún 1967, ó sì dárúkọ àwọn oníṣẹ́. Kì í ṣe gbogbo ère Èkìtì ni ó ní irú oríire bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti gbé àwòrán àwọn ère wọn sórí ìkànnì ayélujára, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní ju ọ̀rọ̀ náà "Yorùbá" lọ lábẹ́ wọn, láìsí orúkọ agbẹ́gi, láìsí orúkọ ìlú. Àgbà kan ní Ìtàpá tàbí Ìkọ̀lé, tí ó ti gbé ère ọdún Ẹpa lórí rí, lè wo àwòrán náà lórí fóònù ọmọ-ọmọ rẹ̀, kí ó sì sọ ohun tí ẹni tí ń tọ́jú ère náà lókè òkun kò lè mọ̀ láéláé.

Irú ìfọwọ́sowọ́pọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ rí níbòmíràn. Àwọn onímọ̀ ìtàn tí ó ṣe àkójọ ìrìn àjò ọkọ̀ ẹrú lórí òkun Àtìláńtíìkì kọ́kọ́ gbé e jáde lórí àwo kọ̀ǹpútà ní ọdún 1999, wọ́n sì gbé e sórí ayélujára ní ọdún 2008. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé orúkọ àwọn ènìyàn tí ó ju 91,000 lọ jáde, àwọn tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, tí akọ̀wé ilé ẹjọ́ ní Freetown àti Havana sì fi etí gbọ́ orúkọ wọn kí ó tó kọ ọ́. Akọ̀wé náà kò gbọ́ èdè wọn, nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ṣe ké sí ẹnikẹ́ni tí ó gbọ́ èdè ilẹ̀ Áfíríkà pé kí ó gbọ́ àwọn orúkọ náà, kí ó sì sọ èdè tí ó rò pé wọ́n ti wá. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé ará Èkìtì a máa pe ilé ní "ulé", tí wọ́n a sì máa pe igi ní "ugi", ní etí tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nílò, yálà ó ka ìwé tàbí kò kà á. Bákan náà ni àkójọ orúkọ Yorùbá lórí ayélujára tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀ ṣe ń gba orúkọ àti ìtumọ̀ wọn lọ́wọ́ ará ìlú, tí àwọn olóòtú sì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.

Kọ̀ǹpútà kì í sì í mọ ohun tí a kò kọ́ ọ. Ìwé àtijọ́ kọ Ayédé ní "Aiyede", ó kọ Ìsàn ní "Ishan", àkọtọ́ tí a fọwọ́ sí ní ọdún 1974 sì yí púpọ̀ nínú irú àwọn orúkọ bẹ́ẹ̀ padà. Ẹni tí ó bá fi orúkọ kan ṣoṣo wá ìlú náà kò ní rí ìdajì ohun tí ó ń wá. Àmì ohùn tún jẹ́ wàhálà mìíràn, nítorí pé láìsí i, ẹ̀rọ kò lè mọ ìlú yàtọ̀ sí ìlù. Títo àtòjọ gbogbo ọ̀nà tí a ti gbà kọ orúkọ ìlú kọ̀ọ̀kan ní àríwá Èkìtì jẹ́ iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe parí láàárín sáà kan, tí yóò sì wúlò fún gbogbo òpìtàn tí ó bá ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ti wọlé. Láti ọdún ẹ̀kọ́ 2009/2010 ni a ti yọ ẹ̀kọ́ ìtàn kúrò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí ó dá dúró ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ìpele kékeré ilé ìwé girama ní Nàìjíríà, kí ìjọba tó pàṣẹ ní ọdún 2018 pé kí ó padà. Àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé ìwé ní àárín ọdún wọ̀nyí dàgbà láìkọ́ ọ. Fóònù tí ó wà lọ́wọ́ wọn lè ṣe àtúnṣe díẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní Ọyẹ́ ní ọdún 2011, tí ó ní ọgbà kejì ní Ìkọ̀lé, lè gba ohùn ìyá ìyá rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sàmì sí ibi tí ahoro ìlú àtijọ́ wà lórí àwòrán ilẹ̀, kí ó sì fi ohun tí ó gbọ́ wé fáìlì ajẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣe èyí lẹ́ẹ̀kan yóò mọ̀ pé ìtàn kì í ṣe ohun tí a há sórí, pé ẹjọ́ tí a ń fi ẹ̀rí rò ni.

Ewu wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí kò yẹ kí ó jáde kúrò nínú ìgbàlẹ̀; a kò gbọ́dọ̀ gbé wọn síta nítorí pé ẹ̀rọ lè gbé wọn, ẹni tí ó bá sì sọ̀rọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti sọ bóyá kí ìlú gbọ́ tàbí kí ilé nìkan gbọ́. Ohun tí a bá fi sórí fóònù kan ṣoṣo ń dúró de ọjọ́ tí fóònù náà yóò bọ́ sómi, gẹ́gẹ́ bí ìwé Johnson ṣe sọnù. Irọ́ tí a bá sì gbé sórí ayélujára lónìí lè padà wá sí ààfin lọ́la bí ẹ̀rí, nítorí pé ẹni mẹ́wàá ti dà á kọ láìbéèrè orísun rẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí ó kù jẹ́ iṣẹ́ ilé. Kí agboolé kọ̀ọ̀kan ní Ìkọ̀lé, Ọyẹ́, Ìdó àti àwọn ìlú yòókù yan ẹni tí yóò gba ohùn àwọn àgbà rẹ̀ sílẹ̀ ní èdè ìlú náà gan-an, kí a kọ orúkọ olùsọ̀rọ̀, ọjọ́ àti ibi tí ó ti sọ ọ́. Kí ẹ̀dà kan wà ní ilé, kí òmíràn wà ní ààfin, kí ẹ̀kẹta sì wà ní yunifásítì, níbi tí àwọn ará ìlú lè dé láti tún un ṣe nígbà tí wọ́n bá rí àṣìṣe. Adé Àjàyí kú ní ọdún 2014, ṣùgbọ́n ìlànà tí ó fi ṣiṣẹ́ ṣì wà nílẹ̀, ẹ̀rọ tí yóò gbé e dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn sì ti wà lọ́wọ́. Ohùn àwọn àgbà ni kò ní dúró de ẹnikẹ́ni.