Linda Ikeji

Linda Ikeji (tí a bí ní ọjọ́ 19, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1980) jẹ́ oníṣòwò àti òǹkọ̀wé orí íntánẹ́ẹ̀tì, ọmọ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ọmọ Ìgbò ni, láti ìlú Nkwerre ní Ìpínlẹ̀ Ímò, ṣùgbọ́n ìlú Èkó ni òwò rẹ̀ ti fìdí múlẹ̀. Ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Yunifásítì ìlú Èkó.

Ní ọdún 2006 ni ó bẹ̀rẹ̀ búlọ́ọ̀gì rẹ̀. Ìròyìn nípa àwọn gbajúmọ̀, òfófó àti ọ̀rọ̀ tó ń lọ nílùú ni ó ń kọ síbẹ̀. Fún ọdún mélòó kan, kò rí èrè kankan lórí rẹ̀. Ìgbà tí òǹkàwé di púpọ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń sanwó ìpolówó ọjà tọ̀ ọ́ wá. Òǹkàwé kì í sanwó rárá. Iye ojú tó ń wo búlọ́ọ̀gì náà gan-an ni ọjà tí ó ń tà fún wọn.

Orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni òwò yìí wà nígbà náà, nítorí pé Google ló ni Blogger tí ó ń lò nígbà náà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2014, nígbà tí àwọn kan ń fẹ̀sùn kàn án pé ó ń lo iṣẹ́ oníṣẹ́ láìgbàṣẹ, Google ti búlọ́ọ̀gì náà pa. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ṣí i padà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọdún mẹ́jọ ni ìbá ṣòfò. Lẹ́yìn náà ni ó kó o lọ sí àdírẹ́sì tirẹ̀.

Ní ọdún 2016, ó dá ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ Linda Ikeji Social sílẹ̀. Linda Ikeji TV ló tẹ̀ lé e.