BÚRẸ́DÌ TÓ DÚDÚ KỌ́ NI BÚRẸ́DÌ WÍÌTÌ

Ìyá kan tó ní àtọ̀gbẹ bi mí pé, "Nọ́ọ̀sì, níbo ni mo ti lè rí búrẹ́dì wíìtì gidi rà?" Ó ti ń jẹ èyí tó dúdú láràárọ̀, síbẹ̀ ṣúgà rẹ̀ kò wálẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ní ìtàn. Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà, wá sí Nàìjíríà lọ́dún 1913 láti ṣiṣẹ́ rélùwéè. Nígbà tó yá, ó dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ l'Ékòó, búrẹ́dì sì di oúnjẹ tólówó-tálákà. Fúláwà funfun ni, èyí tí wọ́n ti yọ èèpo ọkà rẹ̀ kúrò. Lọ́dún 1987 ìjọba fi òfin de kíkó wíìtì wọ̀lú. Búrẹ́dì wọ́n gan-an, àmọ́ a ò jáwọ́ (ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà nígbà náà ò ní gbàgbé). Ní 1992 wọ́n gbé òfin náà kúrò.

Kí íìsì inú ọ̀rá tó dé, ìyẹ̀fun pípò tí wọ́n fi sílẹ̀ kó kan ni ará Íjíbítì àtijọ́ fi ń ṣe búrẹ́dì, bí ògì tiwa ṣe ń kan. Òun ni òyìnbó ń pè ní sourdough.

Nígbà mìíràn, àwọ̀ lásán ni wọ́n fi ń sọ búrẹ́dì di dúdú. Ẹ ka ara ọ̀rá rẹ̀: "whole wheat" ló yẹ kó ṣáájú nínú èròjà. Ẹ bi oníbúrẹ́dì pé wákàtí mélòó ló fi sílẹ̀ kó kan. Èyí tó jẹ́ ojúlówó máa ń wúwo lọ́wọ́. Síbẹ̀, ó ṣì ń gbé ṣúgà sókè, ẹ má jẹ ẹ́ bí oògùn.

Ìyá náà ń bọ̀ fún àyẹ̀wò lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Mo ní kó mú ọ̀rá búrẹ́dì rẹ̀ dání, ká jọ kà á.