Olùkọ́ Àgbẹ̀ ní Ilẹ̀ Kòkó

Nígbà tí mo wà ní kékeré, oríṣi adìẹ méjì ni ìyá àgbà mi mọ̀: adìẹ ìbílẹ̀ àti adìẹ agíríìkì. Adìẹ ìbílẹ̀ ni èyí tí ń jẹ̀ káàkiri ẹ̀yìnkùlé. Adìẹ agíríìkì ni èyí tí a ń sé mọ́lé, tí a sì ń ra oúnjẹ fún. N kò mọ̀ nígbà náà pé orúkọ iléeṣẹ́ ìjọba ni mo ń pè mọ́ adìẹ. Iléeṣẹ́ tí ń bójú tó iṣẹ́ ọ̀gbìn ni àwọn ènìyàn wa gé orúkọ rẹ̀ kúrú sí agíríìkì, wọ́n sì fi ń pe ohun tí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bá gbé wọ abúlé. Adìẹ gba orúkọ, ẹyin gba orúkọ, ṣùgbọ́n ìtàn òṣìṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò gbajúmọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Òun ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa.

Iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Àgbà tí ó ti ń roko fún ogójì ọdún, ọmọ tí ó jáde ilé-ìwé lánàá ni yóò wá sọ fún un bí a ti í roko! Àwọn baba wa wí pé, bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìjọba ni ó rán olùkọ́ àgbẹ̀. Ọ̀nà tí ó bá gbà jẹ́ iṣẹ́ náà ni yóò sọ ọ́ di ọ̀rẹ́ tàbí ọ̀tá. Ìgbàgbọ́ mi ni pé ìmọ̀ tí ó tọ̀nà nìkan kò tó. Bí a bá fi ìmọ̀ ṣe àṣẹ, àgbẹ̀ lè kọ òtítọ́ pàápàá. Ìtàn kòkó ní ilẹ̀ wa ni mo fi ṣe ẹ̀rí.

Kí olùkọ́ ìjọba tó dé ni àgbẹ̀ ti ń kọ́ àgbẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1880 ni J. P. L. Davies, oníṣòwò pàtàkì kan ní Èkó, gbin kòkó sí Ìjọ̀n lẹ́bàá Agége. Lẹ́yìn rẹ̀ ni J. K. Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ la oko ńláńlá ní agbègbè náà, wọ́n sì dá Ẹgbẹ́ Olóko Agége sílẹ̀ ní 1907. Àwọn ọ̀dọ́ láti ìlú òkè, títí dé Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, wá ṣe lébìrà nínú oko wọ̀nyí. Wọ́n fi ojú ara wọn rí bí a ti ń gbin kòkó sábẹ́ ìbòòji, bí a ti ń sá a, àti iye tí a ń tà á. Nígbà tí wọ́n ń padà sílé, wọ́n di hóró kòkó mọ́ ẹrù. Kò sí ẹni tí ó pàṣẹ fún wọn. Báyìí ni kòkó ṣe tàn ká.

Ìjọba náà kò jókòó lásán. A dá oko ìjọba tí a mọ̀ sí Moor Plantation sílẹ̀ ní Ìbàdàn, nígbà tí ó sì di 1921, iléeṣẹ́ ọ̀gbìn kan ṣoṣo ni ó wà fún gbogbo Nàìjíríà. Ní Moor Plantation ni a ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí yóò lọ máa kọ́ àgbẹ̀ ní bí a ti ń sá kòkó kí ó má bu, àti bí a ti ń mú èso tí ó ti rà kúrò lórí igi.

Ní 1944 ni a rí àrùn kan nínú oko kòkó ní agbègbè Ìbàdàn, èyí tí a ti kọ́kọ́ rí ní Gold Coast ní 1936. Ẹ̀ka igi yóò wú, iṣan ewé tuntun yóò pọ́n, èso yóò dín kù, igi náà yóò sì kú nígbẹ̀yìn. Fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fà á. Kòkòrò kékeré funfun kan tí ń mu omi ara igi ni ó sì ń gbé e láti igi dé igi. Kò sí oògùn rẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí àwọn onímọ̀ rí ni kí a gé igi tí àrùn mú, kí ó má baà ran àwọn yòókù. Ní 1946, ìjọba rán àwọn agégi wọ oko.

Ẹ jẹ́ kí á fi ọ̀ràn náà ro ara wa wò. Igi tí wọ́n ní kí a gé yìí ṣì ń so lójú olóko. Bí ọdún márùn-ún ni ó fi tọ́jú rẹ̀ kí ó tó jẹ èso rẹ̀. Bóyá ó ti fi oko náà dógò lọ́dọ̀ olówó sogúndogójì. Bí a bá gé igi, gbèsè kò ní bá a lọ. Bóyá orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni ó dá oko sí, tí ó ń san ìṣákọ́lẹ̀. Igi kòkó yẹn ni ẹ̀rí pé ó ní ẹ̀tọ́ níbẹ̀. Igi tí àrùn mú sì lè so fún ìgbà díẹ̀ sí i. Àgbẹ̀ ti ṣírò rẹ̀: díẹ̀ lọ́dún yìí sàn ju òfo lọ. Kì í ṣe òmùgọ̀ ni ó ń ṣe. Ìṣírò tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìjọba ni.

Nítorí náà àwọn àgbẹ̀ kọ̀. Ẹgbẹ́ Máyégún ní Ìbàdàn gbé ọ̀ràn náà lórí, nígbà tí ó sì yá, Adégòkè Adélabú mú ẹgbẹ́ náà wọ agbo òṣèlú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Gold Coast: nígbà tí ìgbìmọ̀ Watson wádìí rògbòdìyàn Accra ti 1948, gígé kòkó wà lára ohun tí wọ́n kà sí ìdí ìbínú àwọn ènìyàn. Nígbà tí ó di 1950, a dáwọ́ gígé dúró níbi tí àrùn náà ti gbilẹ̀ jù ní agbègbè Ìbàdàn.

Ohun tí ó dùn mí jù nínú ìtàn yìí ni pé òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀: kò sí oògùn, àrùn náà sì ń ràn. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ tí ó ti ń wá sí oko bí olùkọ́ ni ó tún wá pẹ̀lú àdá. Láàrin 1951 àti 1952 ni Galletti, Baldwin àti I. O. Dina wádìí ìgbésí-ayé àwọn àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ Yorùbá: ohun tí wọ́n ń ná, gbèsè tí wọ́n jẹ, oko tí wọ́n fi dógò. Ìwé wọn jáde ní 1956. Mo máa ń rò ó pé ìbá ti dára tó bí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ bá ti ṣáájú àdá.

Ẹ̀kọ́ kan náà wà nínú ọ̀rọ̀ adìẹ tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Láàrin oṣù Kejìlá 1952 àti oṣù Kejì 1953, àjàkálẹ̀ àrùn kan pa adìẹ ní Ìbàdàn àti àyíká rẹ̀. Àwọn oníṣègùn ẹranko pè é ní Newcastle. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí a kọ ọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Àwọn ìyá wa ní orúkọ tiwọn fún un: lúkúlúkú. Wọ́n mọ̀ pé ìgbà ọyẹ́ ni ó sábà máa ń jà, wọ́n sì mọ̀ pé bí ó bá ti wọ ilé kejì, kí á tètè ta èyí tí ó kù. Àjẹsára wà fún un, ṣùgbọ́n àjẹsára kì í wo adìẹ tí àrùn ti mú sàn. Bí olùkọ́ kò bá ṣàlàyé èyí, tí ó ń gún adìẹ lábẹ́rẹ́ nígbà tí lúkúlúkú ti wọlé, adìẹ yóò kú, wọn yóò sì ní abẹ́rẹ́ ni ó pa á. Olóye olùkọ́ a kọ́kọ́ bi ìyá tí ó ni adìẹ pé oṣù wo ni ó máa ń jà níhìn-ín, a sì wá kí oṣù náà tó pé. Kò ní wá lọ́sàn-án gangan, nígbà tí adìẹ ti fọ́n ká. Ìrọ̀lẹ́ ni yóò dé, nígbà tí wọ́n ń wọlé sùn.

Olùkọ́ pàápàá lè ṣìnà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi kọ́ àgbẹ̀ pé kí wọ́n máa fi Gamalín fín kòkó. Ó pa kòkòrò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lindane tí ó wà nínú rẹ̀ kì í tètè kúrò nínú ilẹ̀ àti omi, ó sì léwu fún ènìyàn. Ní 2009 ni a fi í kún àwọn kẹ́míkà tí Àdéhùn Stockholm ní kí ayé pa tì. Ẹni tí ó ti sọ fún àgbẹ̀ pé “Gbà, má bèèrè,” ojú wo ni yóò fi padà wá? Ẹni tí ó ti bá àgbẹ̀ dán nǹkan wò lórí ilẹ̀ díẹ̀, tí àwọn méjèèjì jọ wo àbájáde rẹ̀, òun ni ó lè wá jẹ́wọ́ pé ìmọ̀ ti yí padà, kí wọ́n sì tún fún un ní àpótí jókòó.

Lónìí, ní ọ̀pọ̀ abúlé, ọ̀dọ̀ ẹni tí ń ta oògùn oko ni àgbẹ̀ ti ń bèèrè oògùn tí yóò rà. A kò lè retí pé kí ọlọ́jà ní kí á má ra ọjà òun. Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ọ̀gbìn àti ẹranko, iṣẹ́ ń bẹ fún yín. Iṣẹ́ ń bẹ fún àwa ọmọ ẹgbẹ́ èdè náà: ní èdè wo ni ẹnìkan ìbá fi ṣàlàyé fún àgbà kan ní 1946 pé igi tí ń so lójú rẹ̀ ti ń kú? Bí a kò bá wá ọ̀rọ̀ tí ó yè kooro fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀, àdá ni yóò tún máa sọ̀rọ̀ fún wa. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Bí ẹ bá dé oko, ẹ kí àgbẹ̀ kú iṣẹ́, ẹ jókòó, kí ẹ sì kọ́kọ́ bèèrè.