Ìwọ̀n Ló Ń Sọ Ewé Di Oògùn: Ìtàn Ìtọ́jú Ara ní Ìbàdàn

Bí ara ẹnìkan kò bá yá ní Òkè Bọ́lá ní Ìbàdàn, ọ̀nà méjì ló wà níwájú rẹ̀. Ọ̀nà kan gba Mọ́lété lọ sí ọjà Bódè, níbi tí àwọn ẹlẹ́wé àti àwọn lékùléjá ti pàtẹ ewé, egbò àti èèpo igi lóríṣiríṣi. Ọ̀nà kejì lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ring Road, níbi tí dókítà ti ń kọ oògùn oníhóró fún aláìsàn. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń rin ọ̀nà méjèèjì. Àwọn mìíràn ń rìn ín lọ́jọ́ kan náà: wọ́n á mu àgbo láàárọ̀, wọ́n á lo oògùn oníhóró lálẹ́, wọn kò sì ní sọ fún dókítà.

Ní ilé ẹ̀kọ́ wa, a máa ń jiyàn lórí èwo ló dára jù nínú àgbo àti oògùn òyìnbó. Ohun tí mo rí nínú ìtàn ni pé ìbéèrè náà fúnra rẹ̀ kò tọ̀nà. Inú igbó kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn méjèèjì ti wá. Ohun tó ya oògùn sọ́tọ̀ kúrò lára májèlé ni ìwọ̀n: kí a mọ ohun tí a ń lò, kí a mọ bí yóò ṣe pọ̀ tó, kí a sì mọ ẹni tó yẹ kí ó lò ó.

Ní nǹkan bí ọdún 1829 ni àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ tẹ̀dó sí Ìbàdàn. Ìlú ogun ni. Ibi tí ogun bá wà, ọgbẹ́, egungun ṣíṣẹ́ àti ibà kì í jìnnà síbẹ̀, nítorí náà ẹni iyì ni oníṣègùn láàárín ìlú. Kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó bá lè já ewé ni à ń pè ní oníṣègùn. Ọmọṣẹ́ ni yóò kọ́kọ́ jẹ́. Yóò máa tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀ wọ igbó fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí yóò fi lè dá ewé mọ̀ nípa àwọ̀, òórùn àti ìtọ́wò. Yóò kọ́ èyí tí à ń sè ní àgbo, èyí tí à ń gún ní àgúnmu, èyí tí à ń fi ṣe àsèjẹ àti èyí tí à ń fi para. Yóò kọ́ èyí tí aboyún kò gbọdọ̀ fẹnu kàn, àti èyí tí ó le jù fún ọmọdé.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní: ewé ń jẹ́, oògùn ń jẹ́, èyí tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lo òwe yìí láti fi yin agbára ewé. Ṣùgbọ́n tí a bá gbọ́ ọ dáadáa, ìkìlọ̀ ló jẹ́ fún oníṣègùn. Ó ń sọ pé bí oògùn kò bá ṣiṣẹ́, kí ó padà lọ yẹ ohun tí ó pò pọ̀ wò. Ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan sí i ni ẹni tó mọ̀ pé ìwọ̀n ṣe pàtàkì. Àléébù kan ṣoṣo ni pé ojú àti ọwọ́ ni àwọn àgbà fi ń wọ̀n, orí ni wọ́n sì ń kó o sí. Bí oníṣègùn bá kú láìfi ọmọṣẹ́ sílẹ̀, ìmọ̀ rẹ̀ bá a lọ nìyẹn.

Ohun mìíràn wà tí ó yẹ kí a mọ̀ nípa àwọn àgbà wa. A máa ń rò pé gbogbo ohun tó wà nínú ìkòkò àgbo ibà ni àwọn baba ńlá wa bá láyé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ìbẹ́pẹ ti wá. Íńdíà ni mángòrò ti wá. Íńdíà náà ni dóńgóyárò ti wá, kò tíì ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tó dé orílẹ̀-èdè wa. Orúkọ rẹ̀ gan-an kì í ṣe Yorùbá. Èdè Haúsá ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ọmọkùnrin gíga. Síbẹ̀ lónìí, bí alágbo kan bá ń se àgbo ibà ní Bẹẹrẹ tàbí Ọjà'ba, ewé mẹ́ta yìí kì í sábà wọ́n nínú ìkòkò rẹ̀. Èyí fi hàn pé àwọn àgbà wa kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ohun tuntun. Wọ́n rí i, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n sì mú èyí tó wúlò.

Ní ọdún 1853, David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀, àwọn ajíhìnrere ìjọ CMS, wá ń gbé ní Kúdẹtì ní Ìbàdàn. Nígbà náà, ibà ń pa àwọn òyìnbó débi pé ibojì òyìnbó ni wọ́n ń pe Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní ọdún 1841, àwọn òyìnbó tó lé ní 140 wọ ọkọ̀ ojú omi gòkè Odò Ọya, ibà sì pa ju 40 nínú wọn lọ. Samuel Àjàyí Crowther wà nínú ìrìn àjò náà. Ní ọdún 1854, ó tún bá ọkọ̀ mìíràn tó ń jẹ́ Pleiad gòkè odò kan náà. Dókítà William Balfour Baikie ni olórí ìrìn àjò yìí, ó sì rí i pé àwọn òyìnbó tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ń lo kiníìnì lójoojúmọ́. Kò sí òyìnbó kankan tó kú nínú ìrìn àjò náà.

Kí ni kiníìnì? Èèpo igi ni. Àwọn òkè ńlá ilẹ̀ Peru àti agbègbè rẹ̀ ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni igi náà ti ń hù. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lọ èèpo yìí tí wọ́n sì ń mu ún, ṣùgbọ́n èèpo igi kan a máa le ju òmíràn lọ. Ní ọdún 1820, àwọn ará Faransé méjì, Pelletier àti Caventou, yọ ohun kíkorò inú èèpo náà jáde. Láti ìgbà yẹn ni ó ti ṣeé ṣe láti gbé e lé òṣùwọ̀n, kí a sì mọ iye tí ènìyàn yóò lò lóòjọ́. Nítorí náà, ohun tí à ń pè ní oògùn òyìnbó nígbà yẹn kò ju èèpo igi tí a ti wọ̀n lọ.

Kì í ṣe gbogbo ará Ìbàdàn ló gba ewé tàbí kiníìnì. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn ọ̀fìnkìn ńlá ọdún 1918, ẹgbẹ́ àwọn Aládùúrà bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Àdúrà àti omi tí a gbàdúrà sí ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé, wọn kì í lo àgbo, wọn kì í sì í lo oògùn òyìnbó. Isaac Babalọlá Akínyẹlé, ẹni tó kọ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn tó sì jẹ Olúbàdàn ní ọdún 1955, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olórí wọn. Nígbà tí àwọn ajíhìnrere láti Bìrìtìkó wá bá wọn ṣiṣẹ́, tí wọ́n sì ń lo kiníìnì, ọ̀rọ̀ náà di ìjà. Ó wà lára ohun tó fa ìpínyà tó bí ìjọ CAC ní nǹkan bí ọdún 1940. Mo bọ̀wọ̀ fún ìgbàgbọ́ wọn. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé àwọn àgbà Ìbàdàn kì í kàn gbé ohunkóhun sẹ́nu láìronú.

Ní ọdún 1948, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀. Ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò láti fi kọ́ àwọn dókítà, kí UCH tó ṣí ní ọdún 1957. Ní àkókò yìí kan náà ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yíjú padà sí ewé. Ẹ jẹ́ kí a mú igi asofẹ́yẹjẹ gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn Yorùbá ti ń fi egbò rẹ̀ tọ́jú wèrè. Ní ọdún 1952, àwọn onímọ̀ ní Switzerland yọ ohun kan tí wọ́n pè ní reserpine láti inú igi tó jẹ́ ìbátan asofẹ́yẹjẹ ní Íńdíà. Ó wà nínú asofẹ́yẹjẹ tiwa náà. Ó ń mú kí ọkàn balẹ̀, ó sì ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ jù, ó lè mú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ kọjá ààlà, kí ó sì fi ẹ̀mí aláìsàn sínú ewu. Oògùn kan náà ni, ìwọ̀n rẹ̀ ló yàtọ̀.

Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, gbé ìgbésẹ̀ ńlá ní ọdún 1954. Ní Arò ní Abẹ́òkúta, ó fi àwọn aláìsàn ọpọlọ wọ̀ sí abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká pẹ̀lú àwọn ìbátan wọn, ó sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ láti bá a ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn.

Àpẹẹrẹ tó wù mí jù ni ti àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Oníṣègùn ìbílẹ̀ kan láti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ẹni Ọ̀wọ̀ Ògúnyalé, fi oògùn tó ń lò fún àrùn yìí han ilé iṣẹ́ ìwádìí oògùn ti ìjọba, NIPRD, ní Àbújá. Ohun mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀: ìyèré, osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí a kò lè rà ní Bódè. Àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n pè é ní Niprisan, àjọ NAFDAC sì fún un ní ìwé àṣẹ ní ọdún 2006. Ká ní oníṣègùn náà fi ìmọ̀ rẹ̀ pamọ́ ni, a kì bá tí gbọ́ nípa rẹ̀.

Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Ṣáínà. Obìnrin onímọ̀ kan, Tu Youyou, ń wá oògùn ibà. Ó lọ wo ìwé àtijọ́ tí wọ́n ti kọ ní ohun tó lé ní 1,600 ọdún sẹ́yìn. Ìwé náà sọ pé kí a rẹ ewé kan sínú omi, kí a sì fún oje rẹ̀ mu. Kò sọ pé kí a sè é. Ìgbà yẹn ló yé Tu pé iná ló ń pa agbára ewé náà. Ó yọ oje rẹ̀ láìlo ooru púpọ̀, ó sì rí artemisinin. Ọdún 2015 ni wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel. Láti ọdún 2005 ni Nàìjíríà ti fi oògùn tó ní artemisinin nínú ṣe oògùn ibà àkọ́kọ́. Bí ìwé náà kò bá kọ ọ̀nà tí wọ́n fi ń lo ewé náà sílẹ̀, kí ni Tu ìbá rí kà?

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé oògùn inú ìgò nìkan ló mọ́. Ní ọdún 2008, oògùn eyín ọmọdé kan tí wọ́n ń pè ní My Pikin pa ọmọ tó lé ní 80 ní Nàìjíríà. Kẹ́míkà kan tó ń ba kíndìnrín jẹ́ ló wọ inú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí wọ́n tó tà á. Bákan náà ni àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n ń fi ọtí rẹ, tí wọ́n sì ń tà ní ibùdókọ̀ láti àárọ̀ kùtùkùtù. Ta ló mọ iye ewé tó wà níbẹ̀? Ta ló mọ bí ọtí inú rẹ̀ ṣe le tó? Dírẹ́bà tó mu ún yóò sì gbé èrò. Ìgò àti ìkòkò lè pani bákan náà bí kò bá sí ìwọ̀n.

Ìwọ̀n kò sì nílò ilé iṣẹ́ ńlá. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti jẹ́ mínísítà ìlera láti ọdún 1985 sí 1992, wọ́n kọ́ àwọn ìyá káàkiri ilẹ̀ yìí bí wọn yóò ṣe po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Omi mímọ́ líta kan, ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, tí a gé orí wọn dọ́gba. Ohun ìdáná lásán ni, ó sì ń gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, ó lè pa ọmọ lára. Bí ó bá sì jẹ́ onígbáméjì, tàbí tí ọmọ kò lè mu omi mọ́, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ kíákíá.

Ẹ̀yin òbí wa, bí ẹ bá fún ọmọ ní àgbo, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún dókítà. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tó yẹ kí ó mọ̀ ni. Ẹ má ṣe po oògùn méjì pọ̀. Bí ibà ọmọdé bá dé, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní ọjọ́ náà, nítorí nínú ènìyàn mẹ́rin tó ń ní ibà ẹ̀fọn lágbàáyé, nǹkan bí ẹnì kan jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Àpò ẹ̀fọn àti gọ́tà tó mọ́ sàn ju ìkòkò àgbo mẹ́wàá lọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jẹ́ kí a fi ewé kọ́ wa ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, kí a mọ orúkọ wọn ní Yorùbá àti ní èdè àwọn onímọ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, iṣẹ́ tiwa ni èyí tó kù. Àwọn ìyá àgbà àti bàbá àgbà tó mọ ewé ṣì wà láàárín wa ní Mápó, Bẹ́yẹrúnkà àti Òkè Bọ́lá. Ẹ jẹ́ kí a kúnlẹ̀ kí a bi wọ́n léèrè: kí ni orúkọ rẹ̀, apá wo la ń lò, báwo ni ó ṣe ń pọ̀ tó, ta ni kò gbọdọ̀ lò ó? Kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kì í ṣe kí a lè máa fi tọ́jú ara wa láìsí dókítà, bí kò ṣe kí àwọn onímọ̀ ọ̀la lè rí ohun tí wọn yóò yẹ̀ wò, gẹ́gẹ́ bí Tu Youyou ti rí ìwé àtijọ́ kà. Ewé tó kù kan nínú oògùn wa, bóyá ẹnu àwọn àgbà ló wà, tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ.