Inverter Inú Ọkọ̀ àti Wáyà Rẹ̀

Láti ọdún 1985 ni ilé iṣẹ́ amúnáwá Ẹ̀gbìn ti wà létí ọ̀sà ní agbègbè Ìkòròdú, ẹ̀rọ mẹ́fà tí agbára wọn lápapọ̀ jẹ́ mẹ́gáwáàtì 1,320. Ìlú Àgbọ́wà kò jìnnà síbẹ̀, ṣùgbọ́n inú okùn tó so gbogbo Nàìjíríà pọ̀ ni iná Ẹ̀gbìn ń wọ̀ kí wọ́n tó pín in, nítorí náà ìtòsí kò fún aládùúgbò ní àǹfààní kankan. Níbi tí iná bá ti ń lọ báyìí ni inverter ọkọ̀ ti ń wúlò. Ohun ìrọ̀rùn ìrìn àjò ni lọ́dọ̀ àwọn tó kọ́kọ́ ń tà á. Lọ́dọ̀ wa, iná ilé ló ń rọ́pò. Ohun tó bá ń ṣiṣẹ́ iná ilé, ó yẹ ká so ó tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bí iná ilé.

Ìtàn inverter fúnra rẹ̀ ló jẹ́rìí sí èyí. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni iná bátìrì ń ṣàn sí, ti ilé sì ń lọ, ó ń bọ̀, ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní ọdún 1925, David Prince ti ilé iṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà kọ àpilẹ̀kọ kan nípa ẹ̀rọ tó ń yí ti àkọ́kọ́ sí ìkejì, ó sì pè é ní inverter. Ní àwọn ọdún 1930, rédíò ọkọ̀ ń fẹ́ fólítì tó ga ju ti bátìrì lọ, wọ́n sì fi ahọ́n irin kékeré kan sí i tó ń gbọ̀n, tó ń já iná tó sì ń so ó padà, kí transformer lè gbé e ga. Ahọ́n náà ń kùn bí oyin, ẹnu rẹ̀ sì ń jó díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kú. Transistor ló wá gba ipò rẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1950, àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ kúrò lórí bátìrì fólítì 6, wọ́n bọ́ sí 12, torí pé ìdajì ámpù ni iṣẹ́ kan náà yóò gbà, wáyà kò sì ní gbóná tó bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, wáyà ni ọ̀rọ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Ní tiwa, NEPA, ilé iṣẹ́ iná ìjọba, dé ní 1972, PHCN rọ́pò rẹ̀ ní 2005, àwọn aládàáni gba ìpín iná ní 2013, GSM sì ti dé ní 2001, tó sọ ṣíṣá fóònù di bùkátà ojoojúmọ́.

Inverter wáàtì 1,000 lórí bátìrì fólítì 12 ń fa ámpù tó lé ní 83, ohun tó ń ṣòfò nínú ẹ̀rọ kò sì tíì wọ̀ ọ́. Fíúsì ihò ìtanná sìgá kì í sábà ju ámpù 10 sí 20 lọ, nítorí náà fóònù àti kọ̀ǹpútà alágbèéká ló mọ. Ohun tó bá ju ìyẹn lọ gbọ́dọ̀ gba wáyà bàbà tó nípọn láti orí bátìrì tààrà, kí fíúsì wà nítòsí ẹnu pọ́sítíìfù, kí rọ́bà sì wà níbi tí wáyà ti ń gba inú irin kọjá, kí irin má baà bó o.

Àwọn kan á ní riwáyà àwọn, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, ti ń fi wáyà tín-ín-rín ṣe é tipẹ́, kò sì jó. Òótọ́ ni, nígbà tí ẹrù bá kéré. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé amúlétutù tàbí áyọ́ọ̀nù lé e ni ike wáyà máa ń yọ́, bí kò bá sí fíúsì tí yóò kọ́kọ́ já. Àwọn mìíràn á ní jíjẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ lójú kan ń jẹ epo, pàápàá láti 2023 tí owó ìrànwọ́ epo ti kúrò. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ọkọ̀ bá ń rìn ni inverter ń rówó rẹ̀ padà. Tí ọkọ̀ bá dúró tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, alternator, ẹ̀rọ tó ń ṣe iná fún ọkọ̀, kò ní fún un ní gbogbo agbára rẹ̀, èéfín tó ń jáde sì lè pani nínú gáréèjì títì. Tí ẹ́ńjìnnì bá kú, bátìrì ìdáná ọkọ̀, tí wọn kò ṣe fún fífà tán pátápátá, ni yóò kọ́kọ́ bàjẹ́.