Ilẹ̀kùn Mẹ́ta Lójú Ọ̀nà Ọ̀dọ́bìnrin: Ilé-Ìwé, Owó àti Ilé-Ìwòsàn

Ní ìlú Abẹ́òkúta, láyé ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ọmọbìnrin tó bá ti pé ọmọ ọdún 15 ti di ẹni tí ń san owó-orí. Ọmọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í san tirẹ̀ nígbà náà. Bí ọmọbìnrin yìí bá sì wọ ilé ọkọ, owó-orí rẹ̀ kò wọnú ti ọkọ rẹ̀: ọ̀tọ̀ ni ti ọkọ, ọ̀tọ̀ ni ti aya. Ìjọba tó tètè rí i pé ó ti dàgbà nígbà tí wọ́n fẹ́ gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ kò tètè rí i nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé-ìwé girama. Láti ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí á ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, gbogbo ìgbà tí àbọ̀ ìwádìí bá jáde lórí bí nǹkan ṣe rí fún àwọn ọ̀dọ́, bí òṣì ṣe pọ̀ tó láàrin wọn, iye tó kàwé, iye tó ní ẹni tí yóò bá wọn sanwó bí àìsàn bá dé, ni àríyànjiyàn ń bẹ́ sílẹ̀ láàrin wa. Àwọn kan á ní obìnrin ti gba gbogbo ayé mọ́ ọkùnrin lọ́wọ́. Àwọn mìíràn á ní bí Ọlọ́run ṣe dá a ló rí, pé obìnrin kò lè bá ọkùnrin dọ́gba. Ìtàn kò gbè sẹ́yìn èyíkéyìí nínú wọn. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ẹ jẹ́ kí á tọ orísun ọ̀rọ̀ yìí lọ.

Kí òyìnbó tó dé, obìnrin Yorùbá kì í jókòó sílé kí ó máa retí ohun tí ọkọ yóò mú bọ̀. Ó ní àpò tirẹ̀, ọkọ náà sì ní tirẹ̀. Ìtàn kò lè gbàgbé Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, tó kú ní 1874, tàbí Ẹfúnróyè Tinúubú, Ìyálóde Ẹ̀gbá, tó kú ní 1887. Òwò ni àwọn méjèèjì fi di ńlá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọrọ̀ wọn kò mọ́ tónítóní, nítorí ẹrú wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ obìnrin kò dé ibi tí wọ́n dé. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tó ń dàgbà mọ ọ̀nà tí yóò gbà: yóò tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà, yóò kọ́ àlàárì híhun, aró rírẹ tàbí epo títà, ìyá yóò sì fún un ní owó òwò. Ọjà ni ilé-ìwé rẹ̀.

Ìwé ló yí ètò yìí padà. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì àti ìjọba ilẹ̀ òkèèrè dé, owó tuntun kan wọ̀lú, èyí tí kò ti oko tàbí ọjà wá: owó oṣù. Ẹni tó mọ ìwé nìkan ló sì lè gbà á. Nítorí náà, ìbéèrè tó ṣe kókó ni pé, ta ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ níwèé?

Ẹ wo àwọn ọdún wọ̀nyí. Ní 1859 ni ìjọ CMS dá ilé-ìwé girama àwọn ọkùnrin sílẹ̀ ní Èkó. Ọdún 1869 ni ti àwọn obìnrin tẹ̀lé e. Ọdún mẹ́wàá ló wà láàrin wọn. Àwọn ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá ti ọkùnrin sílẹ̀ ní 1878, wọ́n sì dá ti obìnrin sílẹ̀ ní 1879. Ọdún kan péré. Nígbà tí ìjọba fúnra rẹ̀ wá wọ̀ ọ́, ọdún 1909 ni King's College bẹ̀rẹ̀ fún àwọn ọkùnrin. Queen's College ti àwọn obìnrin kò ṣí ilẹ̀kùn títí di 1927, lẹ́yìn tí àwọn obìnrin Èkó, tí Oyinkan Abayomi wà lára wọn, ti pariwo títí. Ọdún 18 ni ìyẹn. Ọmọkùnrin ọmọ ọdún 12 tó wọ King's College lọ́dún tí wọ́n dá a sílẹ̀ ti pé ọmọ 30 ọdún kí ọmọbìnrin kan tó wọ èkejì rẹ̀. Ó ti lè di akọ̀wé àgbà tàbí lọ́yà. Ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ṣeré òṣùpá ti bímọ tó ń lọ sí ilé-ìwé.

Ohun tí wọ́n fi ń kọ́ wọn náà yàtọ̀. Akọ̀wé, olùkọ́ àti òjíṣẹ́ ìjọ ni wọ́n ń fi ọkùnrin ṣe. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin sì gbájú mọ́ aṣọ rírán, oúnjẹ sísè àti ìtọ́jú ilé, kí akọ̀wé àti òjíṣẹ́ ìjọ lè rí aya tó bá wọn mu. Iṣẹ́ gidi ni gbogbo ìwọ̀nyí, kò sí ẹni tó lè fojú kéré wọn. Àmọ́ ẹ̀kọ́ kan ń gbé ni lọ síbi owó oṣù, èkejì ń gbé ni lọ sílé ẹni tí ń gba owó oṣù.

Àwọn díẹ̀ rí àyè kọjá. Fúnmiláyọ̀, tí ayé wá mọ̀ sí Ransome-Kuti, wọ ilé-ìwé girama Abẹ́òkúta ní 1914, ó wà lára àwọn ọmọbìnrin àkọ́kọ́ níbẹ̀. Stella Thomas di lọ́yà ní 1933. Elizabeth Awoliyi gboyè dókítà ní Dublin ní 1938. Orúkọ wọn kò ní parẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá lè ka àwọn tó kọjá lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó túmọ̀ sí pé àwọn tí kò rí ọ̀nà kọjá kò lóǹkà.

Fúnmiláyọ̀ gan-an mọ èyí. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé ló kọ́kọ́ ń darí ní Abẹ́òkúta. Ní 1944, ìyá ọlọ́jà kan ní òun fẹ́ mọ ìwé kà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà ní ìwé kíkà. Kò pẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi gbọ́ ohun tí ojú àwọn ọlọ́jà ń rí: ìrẹsì tí àwọn aláṣẹ ń gbà lọ́wọ́ wọn nígbà ogun, àti owó-orí tí ń wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ní 1946 ẹgbẹ́ náà di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta. Wọ́n kọ̀wé sí ìjọba, wọ́n ka ìṣirò owó fún ìjọba, wọ́n sì jókòó sí iwájú ààfin. Ní oṣù kìíní ọdún 1949, Aláké Ladapo Ademola fi ààfin sílẹ̀, kò sì padà títí di 1950. Àwọn tí wọ́n ní kò nílò ìwé ni ó lo ìwé láti gba ara wọn là. Láti ìgbà náà ni ó ti yẹ kí á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìwé àti ọ̀rọ̀ òṣì kò ṣeé yà sọ́tọ̀.

Ìgbésẹ̀ ńlá tó tẹ̀lé e wáyé ní oṣù kìíní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́. Iye ọmọ tó wà nílé-ìwé fò láti nǹkan bí 457,000 lọ́dún tó ṣáájú dé ohun tó lé ní 811,000. Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, bí baálé ilé bá ní owó ilé-ìwé ọmọ kan péré, ọkùnrin ni ó sábà máa ń yàn. Yóò ní ilé ọkọ ni obìnrin ń lọ. Nígbà tí kò sí owó sísan mọ́, kò sí ìdí láti yàn. Òfin kan kò sọ pé kí wọ́n fẹ́ràn ọmọbìnrin ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Iye owó ni ó kúrò lọ́nà, ọmọbìnrin sì kọjá.

Ṣùgbọ́n iwé mẹ́fà nìkan ni ọ̀fẹ́. Ní ẹnu ọ̀nà girama, owó tún dúró, yíyàn náà sì tún padà wá. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin tó mọ̀wé ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ ni ó dúró níbẹ̀, tí ó lọ kọ́ aránṣọ. Ó di 1979, nígbà tí ìjọba ẹgbẹ́ UPN gorí oyè ní àwọn ìpínlẹ̀ wa, kí girama tó di ọ̀fẹ́. Lónìí, bí ẹ bá wọ kíláàsì kan ní Ìbàdàn tàbí Adó-Èkìtì, ẹ ó rí i pé ọmọbìnrin kò kéré sí ọmọkùnrin níbẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ó rí káàkiri orílẹ̀-èdè. Ìwádìí ìlera àti ìdílé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2018 láàrin àwọn tó wà láti ọmọ ọdún 15 sí 49 fi hàn pé obìnrin 35 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò rí ilé-ìwé rárá, ọkùnrin sì jẹ́ 22. Obìnrin 53 nínú ọgọ́rùn-ún ló mọ ìwé kà, ọkùnrin jẹ́ 72. Ọ̀dọ̀ wa kọ́ ni ìyàtọ̀ yìí ti wúwo jù, ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè kan náà ni gbogbo wa ń jẹ.

Ó ku ilẹ̀kùn kẹta, èyí tí a kì í sábà sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ṣe ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Ohun rere ni. Àmọ́ ẹ kíyè sí ọjọ́ orí yẹn, nítorí a ó tún pàdé rẹ̀. Ní 1986, ìjọba ológun gbé ètò SAP dé, ilé-ìwòsàn ìjọba sì di ibi tí a ti ń béèrè owó kí wọ́n tó fọwọ́ kan aláìsàn. Àwọn dókítà ní ilé-ìwòsàn Zaria kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà náà pé àwọn aboyún tó ń wá bímọ lọ́dọ̀ wọn dín kù, tí ikú àwọn aboyún sì ń pọ̀ sí i.

Òfin ìdójútòfò ìlera ti gbogbo orílẹ̀-èdè jáde ní 1999, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ ní 2005. Ta ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí i? Òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù, ọkọ tàbí aya rẹ̀, àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18. Ọdún 18 tún rèé! Ètò mìíràn wà fún akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga. Nítorí náà, ẹni ọdún 19 tó ń kọ́ irun dídì ní Òṣogbo kò sí lábẹ́ ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe ọmọdé mọ́, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́, kò sì gba owó oṣù. Ọmọkùnrin tó ń kọ́ mẹkáníìkì ní òdìkejì títì náà bá a wà nínú rẹ̀.

Òtítọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ òtítọ́: ní ti ìdójútòfò, ìwádìí 2018 yẹn kò rí ìyàtọ̀ láàrin akọ àti abo. Obìnrin 97 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò ní i, ọkùnrin 97 náà ni kò ní i. Dídọ́gba ni, bí ó bá jẹ́ pé a lè pe àìní ní dídọ́gba. Ṣùgbọ́n òjò kan náà tó rọ̀ kò pa àwọn méjèèjì bákan náà. Láàrin ọmọ ogún ọdún sí ọgbọ̀n, obìnrin ni ó ń lóyún, òun ni ó ń bímọ, òun ni wọ́n lè ní kí ó san owó iṣẹ́ abẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Owó tó ti fi pamọ́ láti ra ẹ̀rọ ìránṣọ tàbí láti gba ṣọ́ọ̀bù ló máa ń bá ọ̀nà ilé-ìwòsàn lọ. Bó ṣe di pé ó tún padà sídìí àtẹ pẹ̀lú ọwọ́ òfo nìyẹn. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kò sì ya aláìmọ̀wé. Ìlera ni oògùn ọrọ̀ lóòótọ́. Àìsí ìlera sì lè jẹ ọrọ̀ tí kò tíì hù.

Ibi tí àwọn ilẹ̀kùn mẹ́ta yìí ti so pọ̀ nìyí. Ìwé ló ń mú ni dé owó oṣù. Owó oṣù ni wọ́n so ìtọ́jú ìlera mọ́. Ọgọ́rùn-ún ọdún sì ni wọ́n fi pín ìwé láìdọ́gba. Ọmọbìnrin ti wá kàwé báyìí, ṣùgbọ́n owó oṣù fúnra rẹ̀ ti di ọ̀wọ́n, ọjà sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń padà sí pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́.

Ẹ má ṣe rò pé mo ń gbógun ti ọkùnrin. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wa tó ń fi ilé-ìwé sílẹ̀ nítorí ọ̀kadà àti owó ojú ẹsẹ̀ wà lójú wa, bí a kò bá sì tètè mójú tó wọn, ìyàtọ̀ mìíràn yóò tún yọjú láti apá kejì. Ohun tí mo ń sọ ni pé ènìyàn ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá ìyàtọ̀ wọ̀nyí sílẹ̀, nípa ìpinnu tí wọ́n ṣe ní 1909, ní 1986, ní 1999. Ìpinnu ènìyàn náà ló dín in kù ní 1955.

Òfin tuntun tí wọ́n buwọ́ lù ní 2022 ti sọ ìdójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Àwọn ìpínlẹ̀ wa náà ní ètò tiwọn. Oǹdó ti fi ètò Abiyẹ hàn láti 2009 pé aboyún yóò wá sí ilé-ìwòsàn bí owó kò bá dènà rẹ̀. Ohun tó kù ni kí á gbé ìwé ìforúkọsílẹ̀ lọ bá àwọn tí wọ́n wà níta: ẹgbẹ́ aránṣọ, ẹgbẹ́ onídìrí, ẹgbẹ́ mẹkáníìkì, àwọn ìyálọ́jà. Ọjọ́ tí ọmọṣẹ́ bá wọlé sọ́dọ̀ ọ̀gá ni kí orúkọ rẹ̀ wọ ìwé ìdójútòfò. Kí ọdún 18 jẹ́ ọjọ́ tí ọmọ wọlé, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n lé e síta.

Nígbà tí ìjọba fẹ́ gba owó-orí lọ́wọ́ ọmọ ọdún 15 ní Abẹ́òkúta, wọ́n mọ ilé rẹ̀, wọ́n mọ ìyá rẹ̀, wọ́n mọ ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jà. Ẹni tó mọ ọ̀nà ibẹ̀ láti gbowó kò lè sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n láti gbé ìtọ́jú lọ.