Ìdánwò Sọ Òtítọ́, Ọjọ́ Ìṣíde Ló Borí: Ìtàn Ìkànnì HealthCare.gov

Ọjọ́ 1, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2013. Ní Nàìjíríà níhìn-ín, àjọ̀dún òmìnira là ń ṣe. Ní ọjọ́ kan náà, ní Amẹ́ríkà, ìjọba Ààrẹ Barack Obama ṣí ìkànnì ayélujára kan tí wọ́n pè ní HealthCare.gov. Ibẹ̀ ni àwọn tí kò ní adójútòfò ìlera yóò ti máa yan èyí tí agbára wọn ká. Àìmọye ènìyàn rọ́ lọ síbẹ̀. Ohun tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn bá pàdé ni ìkéde pé kí wọ́n ní sùúrù, tàbí ojú ewé tí kò ṣí rárá. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba jókòó, wọ́n ka iye àwọn tó rí ìforúkọsílẹ̀ náà ṣe parí. Ènìyàn mẹ́fà ni.

Ẹ̀yin olùkàwé wa, ènìyàn mẹ́fà péré, ní orílẹ̀-èdè tó ti rán ènìyàn lọ sínú òṣùpá! Iye yìí wà nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́ náà fúnra wọn, èyí tí ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin kan gbé jáde fáyé rí lẹ́yìn náà. Ìbéèrè tó gba ẹnu gbogbo ènìyàn nígbà náà ni pé, ṣé wọn kò dán an wò kí wọ́n tó ṣí i ni? Ìdáhùn rẹ̀ ni ó mú mi kọ àròkọ yìí. Wọ́n dán an wò. Ìdánwò náà sì sọ òtítọ́. Òtítọ́ yẹn ni kò dé etí ẹni tó ní àṣẹ láti dá ọjọ́ ìṣíde dúró, tàbí tó dé etí rẹ̀ tí kò tẹ̀lé e.

Ẹni tó ń se ọbẹ̀ fún àlejò a máa tọ́ ọ wò kí ó tó bù ú sínú àwo. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ ìkànnì rí. Ó kéré tán, ọ̀nà mẹ́ta ni a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Èkíní, a ó yẹ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ṣé ibi tí a ti ń forúkọ sílẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ṣé ibi tí a ti ń ṣírò owó péye? Èkejì, a ó yẹ gbogbo rẹ̀ wò papọ̀, láti ẹnu ọ̀nà títí dé òpin, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fẹ́ lò ó yóò ṣe rìn ín já. Ẹ̀kẹta, a ó fi ẹ̀rọ dá èrò tí kì í ṣe ènìyàn gidi sílẹ̀, a ó dà wọ́n bo ìkànnì náà, kí a lè mọ iye tí yóò gbà kí ó tó dákú. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí; àyẹ̀wò mẹ́ta yìí ni ojú tí ìkànnì fi ń ṣọ́ orí tirẹ̀.

Kí a lè mọ bí ẹrù HealthCare.gov ṣe wúwo tó, ẹ jẹ́ kí a padà sẹ́yìn díẹ̀. Ní ọjọ́ 23, oṣù Ẹrẹ̀nà, ọdún 2010, Ààrẹ Obama fọwọ́ sí òfin ìlera tuntun. Ṣáájú òfin yìí, iléeṣẹ́ adójútòfò lè kọ ẹni tí àìsàn ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òfin náà ní kí èyí dópin láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2014. Ó tún ní kí ọjà kan wà tí ènìyàn yóò ti fi ètò kan wé òmíràn, kí ìjọba sì bá ẹni tí owó rẹ̀ kò tó san lára rẹ̀. Ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ lè dá ọjà tirẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ kò ṣe bẹ́ẹ̀, ìpínlẹ̀ 36 sì di ẹrù HealthCare.gov, iye kan náà pẹ̀lú ìpínlẹ̀ tí àwa ní ní Nàìjíríà.

Àjọ ìjọba tí wọ́n ń pè ní CMS ni iṣẹ́ náà bọ́ sí lọ́wọ́. Agbaṣẹ́ṣe 55 ni ó lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Iléeṣẹ́ CGI Federal ni ó kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ọjà náà. QSSI ni ó kọ́ oríta tí ìsọfúnni ń gbà kọjá láti àjọ kan sí èkejì. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀, ìkànnì náà gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá òun ni ẹni tó pe ara rẹ̀, kí ó béèrè iye tó ń wọlé fún un lọ́wọ́ àjọ owó orí, kí ó béèrè lọ́wọ́ àjọ mìíràn bóyá ọmọ onílẹ̀ ni, kí ó ṣírò ìrànwọ́ tó tọ́ sí i, kí ó sì fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ adójútòfò tó yàn. Bí ibì kan ṣoṣo bá já, gbogbo rẹ̀ já.

Agbaṣẹ́ṣe kọ̀ọ̀kan yẹ apá tirẹ̀ wò, ó ní ó dára. Ṣùgbọ́n àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Àyẹ̀wò gbogbo rẹ̀ papọ̀ wà lọ́wọ́ CMS, kò sì wáyé àfi ní ọ̀sẹ̀ méjì tó gbẹ̀yìn kí ìkànnì náà tó ṣí.

Kì í ṣe pé ìkìlọ̀ wọ́n. Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọdún 2013, àwọn olùdámọ̀ràn láti iléeṣẹ́ McKinsey ti sọ pé ohun tí wọ́n ń fẹ́ kí ìkànnì náà ṣe ṣì ń yí padà, pé àkókò àyẹ̀wò kò tó, àti pé kò sí ẹnì kan pàtó tí ìpinnu wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ ti lọ, àṣẹ mìíràn tún jáde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wo ọjà láìkọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá ní kí gbogbo ẹni tó kàn fẹ́ wo iye tí ata ń lọ ní ọjà Bódìjà tò sẹ́nu ọ̀nà kan ṣoṣo láti gba tíkẹ́ẹ̀tì.

Ìwé ìròyìn Washington Post ròyìn pé ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ìṣíde, wọ́n fi èrò àfẹ̀rọṣe bíi ọgọ́rùn-ún mélòó kan dán ìkànnì náà wò, ó sì dákú. Ní ọjọ́ 27, oṣù Ọ̀wẹwẹ̀, ọ̀gá àgbà CMS, Marilyn Tavenner, buwọ́ lu ìwé kan tó sọ pé wọn kò tíì yẹ ààbò gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ wò tán, ewu èyí sì ga. Ìwé yìí kan náà ni ó fún ìkànnì náà láyè láti ṣí.

Kí ló dé? Ìdí ni pé ọjọ́ ti wà nílẹ̀. Ìjọba ti kéde rẹ̀, àwọn alátakò sì ń ṣọ́ ibi tí yóò ti kùnà. Ẹni tó bá sọ pé kí a sún un síwájú yóò dà bí ẹni tó ń bá ọ̀tá ṣiṣẹ́.

Mo lo ọ̀pọ̀ ọdún nílé iṣẹ́ ìwé ìròyìn, mo sì mọ irú agbára tí aago ní. N kò gbàgbé òru kan tí ẹni tó ń ka ìwé wa kí ó tó lọ sórí ẹ̀rọ fi bírò pupa yí àkọlé kan ká. Orúkọ ẹni tó kú kọ́ ni a kọ síbẹ̀, orúkọ àbúrò rẹ̀ tó wà láàyè ni. Ó sọ fún wa. A ní mọ́tò tó ń kó ìwé lọ sí ìlú òkèèrè kò lè dúró mọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ọkùnrin tí a pa sórí ìwé náà wọlé tọ̀ wá wá, ìwé ìròyìn wa lábíyá. Àwa tí a mọ̀ lóru kò lè wo ojú rẹ̀.

Ní ọjọ́ 24, oṣù Ọ̀wàrà, àwọn agbaṣẹ́ṣe dé iwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin. Wọ́n gbà pé oṣù ni ó yẹ kí àyẹ̀wò gbogbo rẹ̀ papọ̀ gbà, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ méjì. Síbẹ̀, oníkálukú ní apá tòun kọ́ ló bàjẹ́. Ní ọjọ́ 30, mínísítà ètò ìlera, Kathleen Sebelius, tọrọ àforíjì, ó sì ní kí wọ́n di ẹ̀bi náà ru òun.

Lásìkò yìí, àwọn tó ti nà tán ni àwọn aláìsàn tó ń retí oṣù Ṣẹ́rẹ́. Ìjọba pe Jeffrey Zients láti darí àtúnṣe. Àwọn amòye sì wá láti ìta, Mikey Dickerson láti Google wà nínú wọn. Ohun tó yà wọ́n lẹ́nu ni pé kò sí ohun èlò tó ń fi hàn wọ́n bóyá ìkànnì náà wà láàyè tàbí ó ti kú. Èyí ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Lẹ́yìn náà, wọ́n ń pàdé lójoojúmọ́, Dickerson sì ṣe òfin fún ìpàdé náà. Ó ní ibi tí a ti ń yanjú ìṣòro nìyí, kì í ṣe ibi tí a ti ń di ẹ̀bi ru ara ẹni. Ó tún ní ẹni tó mọ̀ jù nípa ọ̀rọ̀ ni kí ó sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹni tí ipò rẹ̀ ga jù.

Mo ka òfin kejì yìí, mo rántí pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Òfin yìí gan-an ni kò sí ní oṣù Ọ̀wẹwẹ̀. Imọ̀ wà nígbà náà, àmọ́ ipò ni ó ń sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ 1, oṣù Ọ̀pẹ, ìjọba kéde pé àtúnṣe tó lé ní 400 ti wọlé. Ìkànnì tó jẹ́ pé ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò ni ó fi ń ṣiṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Bélú ti ń ṣiṣẹ́ fún ohun tó lé ní ìdá 95. Ó ti lè gba ènìyàn 50,000 lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí yóò fi di oṣù Ìgbé ọdún 2014, mílíọ̀nù 8 ènìyàn ti forúkọ sílẹ̀ káàkiri Amẹ́ríkà, lórí ìkànnì yìí àti ti àwọn ìpínlẹ̀. Àtúnṣe ṣeé ṣe, nítorí náà. Ohun tí wọ́n fi oṣù méjì ṣe lójú gbogbo ayé, wọn ì bá ti ṣe é ní ìdákẹ́jẹ́.

Ẹ má rò pé ìtàn òkèèrè lásán ni. Ní oṣù Èbìbí ọdún 2025, àjọ JAMB jẹ́wọ́ pé àtúnṣe kan tó yẹ kó wà lórí gbogbo ẹ̀rọ tó ń darí ìdánwò UTME kò dé orí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún Èkó àti àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Ìgbò. Akẹ́kọ̀ọ́ 379,997 ni ọ̀rọ̀ náà kàn ní ibùdó 157, wọ́n sì ní kí wọ́n wá tún ìdánwò ṣe. Ọ̀gá àjọ náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Olóyèdé, sunkún ní gbangba bí ó ti ń tọrọ àforíjì. Ìjẹ́wọ́ rẹ̀ yẹ ní ìyìn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ náà ti rí èsì tí kì í ṣe tiwọn ná.

Nítorí náà, nígbà tí iléeṣẹ́ ìjọba tàbí báńkì bá tún kéde ọjọ́ tí ìkànnì tuntun yóò ṣí, kí àwa oníròyìn má ṣe béèrè iye tí wọ́n ná nìkan. Kí a béèrè ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò àti ohun tó rí. Kí a sì béèrè bóyá ó ní àṣẹ láti dìde níwájú ọ̀gá rẹ̀, kí ó sọ pé, "Ẹ dákun, ó kù díẹ̀," kí wọ́n sì dá ọjọ́ dúró nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀.